Ẹ̀gbọ́n Mi Sùn sórí Ìrun

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ju pé Plainfield lókè òkun ni mò ń gbé.

Láti ìgbà kónílé-ó-gbélé yìí ni oorun ti dá lójú mi; fóònù ni mo ń tẹ̀ mọ́júmọ́. Ni mo bá sùn lọ nínú kíláàsì orí Zoom, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ya fídíò mi níbi tí mo ti ń hanrun, ó fi í sí WhatsApp ẹbí: “Ẹ wo dókítà ọ̀la!” Àǹtí wa n'Ílọrin ṣì ń ṣàdúrà ìtúsílẹ̀ fún mi.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi ń kírun, ó forí kanlẹ̀, ó sì sùn síbẹ̀. Mo ya fídíò òun náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọn àna rẹ̀ sínú WhatsApp ẹbí yẹn ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fi í ránṣẹ́, àbí kí n lọ sùn?