Èkúté Inú Àpótí Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Èkúté méjìlá ni mo là ní lábù lónìí. Ti inú gọ́tà, ti ẹ̀yìn ilé oúnjẹ, ti ààtàn. Àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ mọ̀ bóyá èkúté ìgboro ń gbé aràn kiri. Mẹ́ta ní ẹyin aràn nínú. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń jẹ ìdí bírò mi. Ọ̀gá ní kí n yé e jẹ bírò ní lábù. Mo ní ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń jẹ ẹ́, kí ló ti ṣe mí?

Mo délé, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ mi ní inú ń run òun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo yá a ní bírò lábù mi kan kó fi ṣe iṣẹ́ iléèwé, bóyá á gbàgbé inú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo rí i! Ìgbẹ́ èkúté, lẹ́yìn àpótí Màmá, ìyá ìyàwó mi tó ń bá wa gbé. Àpótí onígi, aṣọ àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹjọ́ parí. Ta ló mọ èkúté jù mí lọ?

Ọjọ́rú, 5
Mo pe ìpàdé sí pálọ̀. Mo ya àwòrán aràn sórí bébà, mo fi igi tọ́ka sí i. Màmá bi mí pé ṣé òun ni aràn náà. Mo ní rárá o, Màmá, àpótí yín ni. Ìyàwó mi ní, “Dókítà Eku, jókòó.” N ò jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo gbé àpótí náà sí ẹ̀yìnkùlé. Òjò rọ̀. Gbogbo aṣọ inú rẹ̀ rin gbingbin, títí kan èyí tí Màmá fi ṣe ìgbéyàwó.

Màmá kó lọ sílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, òun àti àpótí. Kò bú mi. Ó kàn ní, “Ó dàbọ̀ o, dókítà.” Ó dùn mí ju èébú lọ. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń béèrè Màmá Àgbà. Inú ṣì ń run ún.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo ròyìn ọ̀rọ̀ ilé fún ọ̀gá. Ó bi mí pé kí ni àyẹ̀wò sọ. Àyẹ̀wò wo? Ogún ọdún tí mo ti ń ṣe àyẹ̀wò, mo dájọ́ láìṣe ọ̀kan. Orí burúkú!

Mo dẹ pàkúté sí yàrá Màmá, ó mú méjì. Mo gba ìgbẹ́ gbogbo ará ilé. Mo tún lọ tọrọ ti Màmá. Ó fún mi, ó fi ọ̀rá mẹ́ta wé e. Ìtìjú ayé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Èkúté ilé wa méjèèjì: kò sí nǹkan. Màmá: kò sí. Ìyàwó mi: kò sí.
Pẹ́lẹ́ńgẹ́: ẹyin aràn.
Èmi — yéè! Wọ́n pọ̀ bí èrò ọjà. Irú kan náà pẹ̀lú ti èkúté gọ́tà.

 Ọ̀gá ń wo bírò tó wà lẹ́nu mi. Mo yọ ọ́.

Mo sáré délé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nídìí iṣẹ́ iléèwé, ó ń fi eyín họ ìdí bírò mi kejì. Ẹni bíni là á jọ. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi, ìta ni mo ti kó aràn wálé. Mo sunkún. Mo ju gbogbo bírò náà nù.

Ọjọ́rú, 12
A lo oògùn. Mo sọ òótọ́ fún ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní kí n lọ wí i fún ẹni tó yẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Inú ò run Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Mo jẹ́wọ́ látòkè délẹ̀, bírò àti gbogbo rẹ̀.  Mo fẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fà á sẹ́yìn.

“Lọ fọwọ́ ná.”

Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tọṣẹtọṣẹ. Nígbà tí mo padà, àpótí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n gbé e. Mo rù ú lórí gba àárín àdúgbò, òun ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Aládùúgbò wa bi wá pé ẹrù kí nìyẹn.

Màmá dá a lóhùn pé èkúté ńlá kan ni, ó ń gbé àpótí òun padà bọ̀ wálé.