Ohun Tí Moyọ̀sọ́rẹ Fagi Lé

Ìkìrun

Bọ̀dá Oyèwálé,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Màmá ń kí yín; orúnkún ṣì ń dùn wọ́n. Bàtà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ yín, ti dé.

Lánàá, mo ń kọ́ kíláàsì wọn ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, bí èèyàn ṣe ń yàn nígbà tí agbára rẹ̀ kò ká gbogbo ohun tó fẹ́. Mo ní kí kálukú kọ ohun márùn-ún tó nílò, kó wá fagi lé èyí tó lè pa tì. "Ìpè Dádì mi" ni Moyọ̀sọ́rẹ fagi lé. Ó fi bàtà sílẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, àìsí ẹ̀ ti mọ́ mi lára."

Ẹ̀kọ́ náà yé e, Bọ̀dá. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni mo fún un.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra bàtà mìíràn. Ẹ pè é.

Àbúrò yín,
Túnráyọ̀