Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Ajá Tó Ń Jẹ́ Mábínú

Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Alágbàdo,
Ọ̀nà Oko,
Ìlerò,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ibùdó Ẹran Tó Sọnù,
Ìsẹ́yìn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀṢẸ PÉ KÍ A DÁ AJÁ PADÀ FÚN ABẸ́RẸ́ IKÚ: A KÒ FARA MỌ́ ỌN

1. Ìwé yín tẹ̀ wá lọ́wọ́ pé kí Ọ̀gbẹ́ni Ràsáàkì Kàdírì, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Misturat, dá ajá tó gbà ní ibùdó yín padà, kí ẹ lè pa á pẹ̀lú àwọn ajá yòókù tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà. Ẹ ní dókítà yín kò láṣẹ láti yọ̀ǹda rẹ̀.

2. Ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù ni Bàbá Misturat wá lọ síbẹ̀. Kò rí ewúrẹ́. Ajá funfun kan, tí etí rẹ̀ kan ti gé, ló dìde tó ń jùrù sí i. Dókítà Cornelius, oníṣègùn ẹran yín, ní Mábínú lòun ń pè é, torí pé ẹ̀bẹ̀ lòun máa ń bẹ̀ ẹ́ bí òun bá ti rántí abẹ́rẹ́ yẹn. Ara ajá náà dá, ó sì ti gba àjẹsára dìgbòlugi. Dókítà ní kó máa mú un lọ, kó lọ máa lé ọ̀bọ lóko.

3. Abà ló ń sùn, torí Bàbá Misturat kì í jẹ́ kó dé ibi tí òun ti ń kírun. Àwọn ọ̀bọ gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n kó lọ sórí àpáta. A rí àgbàdo jẹ lọ́dún yìí.

4. Bàbá Misturat àti Ọlátúnjí, ẹgbẹ́ rẹ̀, ni oko wọn jọ pààlà. Ọ̀rọ̀ ààlà náà ti sọ wọ́n di ẹni tí kì í kí ara wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ajá sá tẹ̀ lé òkété wọgbó, ni Bàbá Misturat bá ń ké: "Mábínú! Jọ̀ọ́, padà wá! Mábínú o!" Ọlátúnjí rò pé òun ló ń bẹ̀. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó gba àárín àgbàdo wá, ó ní: "Ràsáàkì, ó tó. Mo ti gbọ́. Èmi náà ṣẹ̀ ọ́." Bàbá Misturat fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó rí omi lójú ọkùnrin náà, ó bá lọ dáná. Wọ́n jọ jẹ iṣu sísun. Ìgbà tí Ọlátúnjí wá mọ orúkọ ajá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè. Ó ní òun ti gba ẹ̀bẹ̀ náà, òun kò ní dá a padà.

5. A mọ̀ pé àyè há mọ́ yín, oúnjẹ kì í sì í tó. Ajá tó bá ya dìgbòlugi, tàbí tó ń jẹ̀rora tí kò ní sàn, ẹ fún un lábẹ́rẹ́. A kò ní bá yín jà. Ìyá Àwáwù, tí ajá bu ọmọ rẹ̀ jẹ rí, tilẹ̀ gbè yín lẹ́yìn ní ìpàdé wa. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ajá tí a fẹ́ kó ti gba àjẹsára, tí oko yóò sì jẹ́ ilé wọn, ó ní òun gbà.

6. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ fagi lé àṣẹ náà, kí ẹ sì jẹ́ ká wá kó àwọn tí ara wọn dá. Àwọn àgbẹ̀ Ìpàpó náà ti ní àwọn ń fẹ́.

7. Ní ti Mábínú, Bàbá Misturat àti Ọlátúnjí ti jọ ra okùn tuntun fún un, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí abà ẹni tí ajá náà yóò ti máa sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn parí ìjà yẹn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ayọ̀bámi Gbọ́láhàn (Ìyáàfin),
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.