Okùn Pupa Ara Igi Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ara wa le níbí, ojú rẹ nìkan ló ń wù wá í rí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ.

Ọmọbìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí igbó, ó ń ya àwọn igi inú ẹrẹ̀ etí òkun wa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ alákàn, àti èyí tí tirẹ̀ ń yọrí sókè bí ìka ọwọ́. Nígbà tí mo rí i tó ń fi ahọ́n lá ewé, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sáré gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ní kì í ṣe ebi, iyọ̀ ara ewé lòun fi ń dá igi náà mọ̀. Ó jẹun náà ṣá.

Tó bá na fóònù sí igi, fóònù á sọ orúkọ rẹ̀. Mo kí fóònù náà kú iṣẹ́, kò dáhùn, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní kó na án sí bàbá rẹ wò, kí n lè mọ irú ẹni tí mo fẹ́. Fóònù ní bàbá rẹ jọ kùkùté. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ kì í dúró níwájú rẹ̀ mọ́.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Wọ́n fẹ́ gé lára àwọn igi náà kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè rí ibi gúnlẹ̀ sí, ọmọ náà sì ń so okùn pupa mọ́ àwọn kan. Ó so ó mọ́ igi wa tí bàbá rẹ ń so ọkọ̀ wọn mọ́, èyí tí o máa ń gùn lọ sá pamọ́ sí tí mo bá bá ọ wí. Èmi rántí pé ọ̀dà pupa ni wọ́n máa ń kùn sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Mo bá tú okùn náà, mo lọ so ó mọ́ igi gúáfà káfíńtà tó ń lé adìyẹ wa. Àṣé èyí tó bá ní okùn ni wọn kò ní fọwọ́ kàn.

Bàbá rẹ ní kí n lọ jẹ́wọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú káfíńtà? Mo bá ya apá aṣọ pupa tí o rà fún mi, mo so ó mọ́ igi wa. Nígbà tí ọmọ náà padà dé, ó wo aṣọ, ó wo bọ́tìnnì ara rẹ̀, ó sì wo èmi. Ó mú okùn tuntun jáde, ó so ó lé e lórí.

Igi wa ti bọ́ nínú ewu. Ti káfíńtà ṣì ní okùn lára, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Gúáfà rẹ̀ ti pọ́n.

Jọ̀wọ́, fi owó aṣọ mìíràn ránṣẹ́, kó má ṣe jẹ́ pupa. Má fi gba inú fóònù, kí ti ọmọbìnrin yẹn má baà rí i.

Níbi tí o wà lọ́hùn-ún, Ọlọ́run á so okùn tirẹ̀ mọ́ ọ lára, kò sí ẹni tí yóò rí i tú.

Èmi ni ìyá rẹ.