Ipa Ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Bírò

Àlàmísì, 1 Nòfẹ́ńbà 2018
Fùwàd ọmọ mi ti ríṣẹ́. Iṣẹ́ náà nìyẹn! Ó ń kó àwọn òyìnbó àti ọmọ yunifásítì rìn káàkiri Marché Central, ọjà ńlá Douala níbí, ó ń fi ibi tí òǹkọ̀wé ńlá kan ti ṣiṣẹ́ ìròyìn nígbà èwe rẹ̀ hàn wọ́n. Mo béèrè orúkọ òǹkọ̀wé. Ó dárúkọ. Ọbẹ̀ mi jóná.
Orúkọ yẹn kò ní wọ ìwé yìí. Ọ̀gbẹ́ni Bírò ni màá máa pè é.

Jímọ̀, 2 Nòfẹ́ńbà
Èmi ni ò sọ fún un. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni ní 1991, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù Douala wà ní títì láti fi bá ìjọba jà. Yẹ̀kínnì ọkọ mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àlejò ni wá — ó ń tajà tiẹ̀. Jímọ̀ kan, ó ta aṣọ bo abọ́ tánganran rẹ̀, ó mú kẹ́tùlù àlùwàlá, ó lọ kírun. Bírò kọjá, ó rí aṣọ. Kò béèrè. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, orúkọ Yẹ̀kínnì wà nínú ìwé ìròyìn: ará Nàìjíríà tó palẹ̀ ọjà mọ́ nítorí òmìnira. Ọlọ́pàá náà mọ̀wé kà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tó dé, kò lè gbọ́wọ́ sókè kírun mọ́. Kọ́dún ó tó parí, a sin ín. Mo sọ fọ́mọ pé ibà ni.

Àìkú, 4 Nòfẹ́ńbà
Sakinah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Bonabéri lódìkejì odò: àwọn tó sá fún ìbọn láti apá Buea, níbi tí sójà àti àwọn tó fẹ́ ya kúrò ti ń jà, ti kún yàrá rẹ̀. Ọmọ méjì, ìpayà méjì.

Àtàláátà, 6 Nòfẹ́ńbà
Martine tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ma Fùwàd, ashia o, o kú oríire! Ọmọ ẹ ti di profẹ́sọ̀. Iwájú ibi tí ìsọ̀ ọkọ ẹ wà tẹ́lẹ̀ ló ń dúró sí, tó ń pariwo." Mo ní kó panu mọ́ kí n tó fi ata rẹ̀ kùn ún lójú.
Mo bi Fùwàd. Ó ti rí ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn. "Akọni ni Papa, Màmá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́?"
Mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Sátidé, 10 Nòfẹ́ńbà
Mo tẹ̀lé wọn. Èèyàn mọ́kànlá, fìlà lórí, ìgò omi lọ́wọ́. Fùwàd ń tọ́ka: ibí ni Bírò ti ń mu kọfí. Igi yìí ló ń jókòó sábẹ́ ẹ̀. Àfi bí ẹni ń ṣe Hájì! Wọ́n dé ìsọ̀ wa. Fùwàd gbé ìwé ìròyìn sókè: "Bàbá mi nìyí."
Mo já ìwé náà gbà. Yorùbá ló ya lẹ́nu mi — irọ́ ni, bàbá rẹ ò lọ́wọ́ sí nǹkan kan, ìrun Jímọ̀ ló lọ kí, ọ̀gá tí ò ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí ló pa á.
Kò yà á lẹ́nu. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, òun náà fi Yorùbá fèsì: "Mo mọ̀, Màmá. Ṣàmsídéènì, lemọ́ọ̀mù yín, ti sọ fún mi láti èṣí. Ta ló máa rìn nínú oòrùn yìí nítorí ẹni tó kàn lọ kírun?"
Obìnrin òyìnbó kan bi í pé kí ni mo wí. Fùwàd ní mo ń kí wọn káàbọ̀ ni.
Mo gbọ́ Faransé dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dá ìwé ìròyìn náà padà fún Fùwàd.