Ìdí Tí Ọkọ Mi Kò Fi Wọ Yàrá

                                        Ilé Kejìlélógún, Òpópónà Mnga,
                                        Philippi,
                                        Cape Town.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 2023.

Phelokazi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú atẹ́gùn ìlú Gqeberha o. Ara ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ajá rẹ ńkọ́, àbí kò tíì bu àwọn aládùúgbò jẹ tán? Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ti lè jókòó báyìí láìsí ìrọ̀rí lábẹ́ ìdí.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa fi sọ ara tìrẹ náà di ti obìnrin ti dé tán, àti pé ọ̀bẹ kò bà ọ́ lẹ́rù tó ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ta ni yóò tún fọwọ́ kan èèyàn? Ọ̀rẹ́ mi, èmi rò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí mo ti ọsibítù dé ni MaDlomo, ìyá Thozamile ọkọ mi, ti abúlé wọn ní Cofimvaba dé pẹ̀lú kúbùsù àti ìkòkò tábà wọn. A kò ránṣẹ́ pè wọ́n. O mọ̀ pé láti ìgbà tí èmi àti ọmọ wọn ti ń gbé pọ̀, "ẹni Thozamile" ni wọ́n ń pè mí. Ẹnu wọn kò gbé "ìyàwó" rí. Láti ọjọ́ yẹn, Thozamile kò wọ yàrá mọ́. Orí àga gígùn ní pálọ̀ ló ń sùn. Tó bá gbé ẹ̀gbo àti ẹ̀wà wá fún mi, yóò gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò lọ. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọkọ mi kò sì jẹ́ kí n rí ojú òun.

Ìwọ náà yóò rí i: èèyàn á máa jókòó sínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, á sì máa fi ọ̀pá kékeré tí wọ́n fún un ní ọsibítù ṣí ojú ara tuntun náà kó má baà padé. Ó máa ń dùn èèyàn lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹkún tí mo ń sun kì í ṣe ti ọ̀pá. N kò kábàámọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹn lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ìgbà tí ara mi wá bá mi mu tán ni ọkọ mi wá ń sá fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Màmá ká mi mọ́ ọn.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá. Ọmọ yín ò fẹ́ mi mọ́. Kò tiẹ̀ lè wò mí."

Màmá yọ ìkòkò tábà lẹ́nu. "Ta ló ní kò fẹ́ ọ? Èmi ni mo lé e! Ìyàwó wo nílé wa ni egbò ṣì wà lára ẹ̀ tọ́kọ ń wọlé tọ̀ ọ́? Nígbà tí mo bí òun alára, bàbá ẹ̀ ò fojú kàn mí títí ìwọ́ ẹ̀ fi já. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ṣé kí n wá ṣe tìẹ lọ́tọ̀ ni?"

Thozamile ké láti pálọ̀: "Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ, wọ́n ní ọ̀pá ìtilẹ̀ àwọn ló máa bá mi sọ̀rọ̀!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́ níbẹ̀, àgbàyà!"

Mo bú sẹ́kún. Ìyàwó ni wọ́n pè mí, Phelokazi! Ohun tí mo pè ní ìkọ̀sílẹ̀, òun ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo obìnrin tó bá bímọ nílé wọn. Mo bi Màmá pé èmi tí n kò bímọ, ìwọ́ ta la fẹ́ máa dúró dè? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní okùn tí dókítà fi rán mi náà á já.

Nígbà tó já tán, Màmá fúnra wọn ló fa Thozamile lọ́wọ́ wọ yàrá, kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ó kàn gbá mi mọ́ra ni, nítorí dókítà kò tíì yọ̀ǹda jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn, mo dì í mú ṣinṣin. Láti ìgbà náà, òun ló ń gbé omi mi kaná. Bí mo bá ń lo ọ̀pá, yóò jókòó tì mí, yóò máa ròyìn ìjà àwọn awakọ̀ gáréèjì wọn fún mi. Nígbà tí dókítà wá yọ̀ǹda, a rọra ṣe é. Ó dùn mí, mo ní kó dúró, ó dúró. A rẹ́rìn-ín, a tún gbìyànjú lọ́jọ́ mìíràn. Ìyókù di ojúkorojú, àmọ́ má fòyà: ara tuntun náà mọ adùn, sùúrù ló kàn ń fẹ́.

Mo sọ fún Màmá lórí fóònù pé ìwọ kò ní ìyá mọ́, pé ilé òfìfo lo máa ti ọsibítù padà sí. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi ń bèèrè bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Gqeberha. Mo ní o kò lọ́kọ tí wọ́n fẹ́ lé. Wọ́n ní àwọn á rí ẹni lé, ì báà jẹ́ ajá rẹ.

Nítorí náà, wá àyè sílẹ̀ fún wọn, kí o sì ra tábà. Bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣerun yín. Thozamile ní kí n kí ọ gidigidi.

Èmi ni tìrẹ, tọpẹ́tọpẹ́,

Khanyisa,
ìyàwó MaDlomo.