Mọ́ṣádé, Mo Ti Mú Kí Ọkọ̀ Rẹ Kúnlẹ̀

Ibefun,
Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá, 1986.

Mọ́ṣádé ọmọ mi ọ̀wọ́n,

N kò ní kọ́kọ́ kí ọ lónìí. Bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ìkíni á gùn, àdúrà á tẹ̀lé e, kí n sì tó mọ̀, ìwé á ti tán, màá tún ti fọgbọ́n yẹ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ bí mo ti ṣe nínú lẹ́tà méjì tó ṣáájú èyí. Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Táyà mẹ́rin tí o fi rán dírẹ́bà sí mi láti Èkó fún ìdíje ẹgbẹ́ afọkọ̀sáré yín, méjì péré ló wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ tí o gbé sọ́dọ̀ mi. Iwájú ni wọ́n wà. Méjì tó wà lẹ́yìn kì í ṣe tìrẹ, wọ́n sì ga ju ti iwájú lọ débi pé ọkọ̀ náà dà bí ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ kí àgbà. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó tì mí.

Ó yá, mo ti sọ ọ́. Báwo ni iṣẹ́? Ṣé orí tó ń fọ́ ọ ti lọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín èrò Èkó, kó má gbojú kúrò lára rẹ o, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fi ojú àánú wò ọ́, kí gbogbo ohun tí o bá dáwọ́ lé yọrí sí rere. Àwa níhìn-ín wà dáadáa. Ewúrẹ́ wa bí méjì, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò síbi tó ń jò sí tẹ́lẹ̀. Àǹtí rẹ Rachel, àbúrò mi, ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú orí rẹ̀ ṣì wú díẹ̀, ọkọ̀ rẹ ló sì fà á. Màá sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa fi ọwọ́ lu tábìlì báyìí. Ṣe sùúrù. Kì í ṣe pé lẹ́tà rẹ kò yé mi. O kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí wọ́n kúkurú kí ọkọ̀ lè tètè fò kúrò lójú kan, kí wọ́n sì fẹ̀ kí wọ́n lè di ilẹ̀ mú bó bá dé kọ́nà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama títí dé kíláàsì karùn-ún, ẹnikẹ́ni kò lè pè mí ní aláìmọ̀wé, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bóyá ìwé tí mo kà náà ni kò mọ̀ mí.

Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ ni ìdíje ti oṣù Kẹfà. O rò pé n kò wá. Mo wá. Mo fa gèlè wálẹ̀ bo ojú díẹ̀, mo dúró lẹ́yìn àwọn tó ń ta ọsàn létí pápá ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí mo ti sọ fún ọ pé fífi ọkọ̀ sáré kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, n kò sì fẹ́ kí o rí mi kí o rò pé mo ti gbà. Mo rí àwọn ike pupa onímú ṣóṣóró tí wọ́n tò yí pápá ká. Mo rí àwọn bàbá olóyè tí wọ́n jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Mo rí ọkùnrin tó di aago mú, mo rò pé ẹni tó bá pẹ́ dé ló ń ṣọ́. Nígbà tó kàn ọ́, ọkọ̀ ìjàpá rẹ gbéra, ó gba iwájú àwọn bàbá wọ̀nyẹn kọjá bí ẹni tí oyin ń lé, kò dúró, kò kí ẹnikẹ́ni. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ti fa ìdí ọkọ̀ náà wálẹ̀, imú rẹ̀ ń wo ojú ọ̀run. Obìnrin kan tó wọ léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní irú ọkọ̀ wo lèyí tó ń yínmú sí àwọn bàbá wa, ó ní ọmọ ta ni wọn kò kọ́ nílé báyìí? Mọ́ṣádé, mo tu ọsàn tó wà lẹ́nu mi sílẹ̀. Èmi aránṣọ tí gbogbo Ibefun mọ̀, ọmọ tèmi ni wọ́n ń béèrè bẹ́ẹ̀. Mo ti sá lọ wọ mọ́tò kí wọ́n tó pe orúkọ ẹni tó borí.

Nígbà tí táyà rẹ dé, mo tò wọ́n sí yàrá tí mo ti ń ránṣọ, mo ń wò wọ́n, wọ́n ń wò mí. Mo rí i pé wọ́n kọ 185 sí wọn lára, ni mo bá fa téèpù mi yọ. Mo wọn ìbàdí táyà, kò pé 185. Mo wọn àyà, kò pé. Mo wọn ọ́n láti èjìká dé ilẹ̀, ìyẹn tilẹ̀ kéré jù. Mo ní àwọn Òyìnbó tó ṣe táyà yìí ti jí nínú aṣọ oníbàárà. Rachel ní bóyá wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ni, bí èmi náà ṣe máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ aboyún. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, a sì jọ gbà pé táyà á ṣì sanra.

Ìgbà tí mo gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Ràsákì onítáyà ni mo bi í bóyá èèyàn lè fi táyà mú kí ọkọ̀ kúnlẹ̀. O mọ Ràsákì, kì í bá oníbàárà jiyàn. Ó wojú mi, ó ní Màmá Mọ́ṣádé, ṣé kó kúnlẹ̀ ni, àbí kó dọ̀bálẹ̀? Mo ní ọkọ̀ obìnrin ni. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ká ní ti ọkùnrin ni, òun ì bá kúkú yọ táyà iwájú dànù. Ó gbé táyà gíga méjì tí wọ́n yọ lára píkọ́ọ̀pù kan jáde, ó ní irin wọn bára mu, ó sì fi òòlù bá irin náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbà. Méjì nínú tìrẹ ló fi ṣe pààrọ̀.

Ọkọ̀ náà kúnlẹ̀, Mọ́ṣádé! Ó kúnlẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí n sọ fún un pé dìde, ọmọ dáadáa. Ràsákì wà á gbé wa lọ sí ìsìn ìkórè, bó sì ṣe wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá arúgbó kan bọ́ fìlà, ó ní pẹ̀lẹ́ o, wàá dàgbà. Ìyàwó àlùfáà ní irú ọkọ̀ tó ní ẹ̀kọ́ báyìí, òun kò rí i rí. Inú mi dùn. Kìkì pé gbogbo ẹni tó bá jókòó nínú rẹ̀ ló ń yọ̀ lọ síwájú. Ràsákì tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Rachel àti ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ tó gbé lé ẹsẹ̀ jọ lọ bá gíláàsì. Iná iwájú náà kò wo ọ̀nà mọ́. Ràsákì ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èèrà nìkan ni òun ń rí, ṣùgbọ́n òun ń rí wọn dáadáa.

Ó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ fún ọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tìrẹ ló kọ́kọ́ dé, o ní ti Sátidé yìí ni wọn yóò fi yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò lọ ṣojú ẹgbẹ́ yín ní Ìbàdàn, o ní àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ ní kí o dúró máa bá àwọn di báàgì mú, o wá ní Màmi, táyà yẹn ni mo gbọ́kàn lé o. Mo gbé bíbélì lé lẹ́tà náà, bí ẹni pé ó lè jáde wá.

Àfi ọjọ́ Ajé tí Ọ̀gbẹ́ni George, akọ̀wé ẹgbẹ́ yín, dé. Ọmọkùnrin onígíláàsì yẹn. Ó ní òun ń lọ láti ilé dé ilé láti yẹ ọkọ̀ wò ṣáájú ìdíje. Ó wo tìrẹ títí, ó bi mí bóyá ó ní jàǹbá ni. Mo ní rárá, ọ̀gbẹ́ni, ó ń kí yín ni. Ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Nígbà tó ṣe, ó gbé e padà sójú. Ó ní kí Ràsákì wà á lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kó fi yí agolo mẹ́ta tí òun tò kalẹ̀ po. Ní agolo àkọ́kọ́, orí ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n rán an, ìdí rẹ̀ ní òun kò gbọ́. Ó fi ara rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó da eruku bo George láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì dúró gọ́ọ́ níwájú rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ràsákì jáde, òòyì ń kọ́ ọ, ó ní ìgbà wo ni wọ́n gbé ọ̀nà Ayépé wá sí apá ibí yìí?

George ní òfin ni pé kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ó ní bí òun bá bá a báyìí láàárọ̀ Sátidé, òun á fa igi lé orúkọ Mọ́ṣádé, Ìbàdàn á sì di ti ẹlòmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ṣé kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú òfin yín ni? Ó ní mà, kì í ṣe òfin nìkan, ọrùn ọmọ yín ni òun ń rò. Mo jókòó sórí koríko pápá náà bí mo ṣe wà. Ọ̀wọ̀ ni mo ń wá kiri, Mọ́ṣádé, ọrùn rẹ ni mo fẹ́ fi rà á.

Mo yíjú sí Ràsákì pé kó dá táyà rẹ méjì padà, ó ní òun ti ta méjèèjì fún Sàlàkọ́ ní Ayépé, ẹni tó ń fi ọmọlanke kó pákó. Òní ni mo ráyè lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé ẹ yà, ẹ yà! Ọmọlanke kan ló ń já bọ̀ láti orí òkè, pákó orí rẹ̀ ga jù mí lọ, Sàlàkọ́ di igi rẹ̀ mú, ó ń sáré bí ẹni tó jalè. Kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí sì nìyẹn níwájú rẹ̀. Mo di ojú, mo ń retí ìgbà tí pákó á fọ́n ká. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo la ojú, ó ti yí i! Kò tilẹ̀ fì. Táyà kúkurú, táyà fífẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ọmọ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, pákó kan kò yẹ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní láti ìgbà tó ti gbé táyà yẹn wọ̀ ọ́ làwọn ti ń jáde wá wòran. Ibẹ̀ ni lẹ́tà rẹ ti yé mi. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì tún ń bọ́ lójú mi, obìnrin kan bi mí bóyá pákó ló gbá mi.

Mo bẹ Sàlàkọ́. Ó ní Màmá, ṣé bàtà ẹsẹ̀ mi ni ẹ fẹ́ kí n bọ́ fún yín lójú títì? Ó ní tẹ́lẹ̀, gbogbo Ayépé ló ń bú ọmọlanke òun, lónìí lèmọ́mù ń kí i. Mo sọ fún un pé ọmọ mi obìnrin ló fẹ́ fi sáré. Ó ní ṣé ó mọ̀ ọ́n wà débi kó má dẹwọ́ bó bá dé kọ́nà? Mo ní ó mọ̀ ọ́n. Ó ní ó yá, òun gbà, òun á gba ti píkọ́ọ̀pù yẹn ní pààrọ̀, ó kéré tán òun á máa rí ọjà láti òkè. Ṣùgbọ́n pákó òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tí òun ń kó kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀la, ẹni tó ń bá òun tì í lẹ́yìn sì ń ṣàìsàn. Bí mo bá rí ẹni ràn òun lọ́wọ́, a ó parí kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, òun á sì tú táyà náà lójú mi. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn ni ẹ̀yìn ń dùn.

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá yóò padà wá síbí lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ jọ máa bọ̀. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ sọ́wọ́ wá, nítorí Ràsákì ní iṣẹ́ kí á gbé ọkọ̀ dìde lórí ìkúnlẹ̀ le ju kí á mú un kúnlẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí ó bá ṣẹ́kù, rọ́bà ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti já, mo sì nílò ìpara tí wọ́n fi ń wọ́ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Sátidé, má wo ọ̀dọ̀ àtíbàbà rárá. Èmi á ti lọ kí àwọn bàbá kí o tó dé, màá tún kí wọn lẹ́yìn tí o bá kọjá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ gbà ọ́ mọ́ra ní gbogbo kọ́nà ayé rẹ. Kí ọrùn rẹ pẹ́ lórí èjìká rẹ. Kí o lọ Ìbàdàn, kí o sì padà wá fi ayọ̀ ròyìn fún wa. Ire á máa bá ọ gbé.

Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màá gbé aṣọ àwọn oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá wọ bàtà rọ́bà, màá lọ sí Ayépé lọ bá Sàlàkọ́ ti ọmọlanke, bí a bá sì dé kọ́nà mọ́ṣáláṣí yẹn, n kò ní dẹwọ́.

Èmi ni màmá rẹ,
Matilda.